Ọkọ̀ Inú Ilé Adìẹ

Wọ́n ní kí n wá díye lé pákó.
Ìsàlẹ̀ Afọ́n ni, lẹ́yìnkùlé Láògún olóògbé:
ilé adìẹ kan tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà,
àgbébọ̀ mẹ́ta ń sàba nínú ohun tí wọ́n pè ní pósí àlòkù.

Pósí kọ́.
Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń kan pósí.
Pósí kì í nímú. Èyí nímú.
Mo kó adìẹ kúrò, ọ̀kan ṣá mi lọ́wọ́,
mo fẹ̀yìn ọ̀bẹ ha imí gbígbẹ kúrò lára igi,
mo wá kúnlẹ̀,
bí ẹni tí wọ́n ní kó wá dá òkú àlejò mọ̀.

Pákó gorí pákó, bí ìpẹ́ ẹja.
Ìṣó bàbà ló so wọ́n pọ̀, àwọ̀ wọn ti di ti ewé.
Ta ní í fi bàbà kan igi
bí kò bá ní í pẹ́ lómi?
Kì í ṣe ìrókò, kì í ṣe apá.
Mo tutọ́ sí i, mo fàtàǹpàkò pa á,
ó pọ́n wẹ̀ẹ̀ lábẹ́ eruku: ọ̀gànwó.

Ihò gbọọrọ kan la ìsàlẹ̀ rẹ̀ já.
Oyèníran ní, "Ó ti lu, bàbá. Ẹ bá wa gé e sí wẹ́wẹ́."
Mo ní ihò ayùn yàtọ̀ síhò ikán.
Ibẹ̀ ni pátákó kan ti ń sọ̀ kalẹ̀ sínú omi
kí atẹ́gùn má baà tì í ṣubú.
Òpó rẹ̀ ńkọ́?
Òun ni wọ́n ń sá aṣọ lé lágbàlá.
Ìgbòkun?
Ìyá àgbà nawọ́ sójú fèrèsé:
aṣọ funfun tó ti dàwọ̀ omi ògì,
nọ́ńbà pupa lára rẹ̀, mẹ́tàdínlógún.
Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n gbẹ́ sára igi tó dábùú inú ọkọ̀.
"Ọkọ̀ ọkọ mi ni," ó ní, "mi ò jẹ́ kí wọ́n fi dáná."

Lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, tọ́ọ̀ṣì mi bá ilà pàdé.
Ẹnìkan ti fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fà wọ́n,
mẹ́rin mẹ́rin, ìkarùn-ún a dábùú.
Mo kà á: mọ́kànlélógún.
"Ìdíje tí wọ́n jẹ ni. Orí ọ̀sà l'Ékòó, lọ́jọ́ Sátidé.
Dókítà òyìnbó kan ló ń tukọ̀,
Láògún ló ń gbọ́n omi inú rẹ̀,
ọmọ tí ò tíì rí omi tó ju odò Ọbà lọ.
Ó ní bí atẹ́gùn bá le, òun á fẹ̀yìn sùn sórí afẹ́fẹ́,
ẹsẹ̀ nìkan lá kù nínú ọkọ̀,
bí àdán."

Wọ́n ti fa igi lé ọ̀kan nínú ilà náà. Mo bi í.
Ó rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ tí wọ́n fara kan àgbá.
Àgbá tó ń léfòó, tí gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yí ká.
Bó o bá fara kàn án, o ò jẹ.
Àwọn ló kọ́kọ́ dé. Adájọ́ ò rí nǹkan kan.
Láògún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ."

Mo fọwọ́ wá imú ọkọ̀ lápá òsì.
Ó wà níbẹ̀. Wọ́n fi pákó kékeré dí egbò náà,
iṣẹ́ ọ̀gá. Ojú ò lè rí i,
àfi ọmọ ìka.

"Dókítà ò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì.
Nígbà tó ń lọ sílé, kò tà á.
Ó ní kí ẹni tó mọ ibi tó ti gbọgbẹ́ máa gbé e lọ."
Reluwé gbé e dé Ọ̀fà, lọ́rì gbé e dé Ogbomọ̀ṣọ́,
àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé e:
níbo lẹ fẹ́ wà á sí?
Kò dá wọn lóhùn.

Oyèníran ní èló ni.
Mo yọ bébà, mo kọ ọ́:
ọ̀gànwó. Ìṣó bàbà. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá.
Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún. Ogún ìdíje.
Mi ò ka èyí tí òun fúnra rẹ̀ pa rẹ́.
Mi ò kọ owó.

Òjò ti ń ṣú bọ̀ láti ọ̀nà Ìkòyí-Ilé.
Àgbébọ̀ tó ṣá mi ti padà síjòókòó ẹ̀yìn.
Kọ́tìnì wú, ó ń já ìṣó rẹ̀ mọ́ ògiri,
ìyá àgbà dìde, ó fọwọ́ kan dì í mú,
ó ń fọwọ́ kejì wá bàtà rẹ̀.